Ààrẹ Tó Ní Afẹ́fẹ́ Tirẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kí Olóyè Olúdáre Adéògún bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ, kó má gbé omi ẹ̀bà kaná kó tó bẹ̀rẹ̀, torí omi náà á gbẹ mọ́ ìkòkò kó tó kí i tán. Òun ni Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìfẹ́dọ̀kan Ọmọ Yorùbá ní Accra, Alága Ìgbìmọ̀ Amúṣẹ́yá ẹgbẹ́ náà, Olùdarí Àgbà fún Ètò Ìrìnnà rẹ̀, àti Bàbá Ìsàlẹ̀ Ẹ̀ka Madina. Ẹgbẹ́ ló fi í jẹ ti àkọ́kọ́. Àwọn tó kù, òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ jẹ wọ́n, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì bínú sí i. Ọkùnrin náà kì í jalè, kì í na ìyàwó, kò sì sí òkú ẹgbẹ́ tí wọ́n sin lẹ́yìn rẹ̀. Ó kàn gbà tọkàntọkàn pé bí òun bá dé ibì kan, ó yẹ kí ibẹ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe wà kí òun tó dé.

Ẹgbẹ́ yìí ní jíìpù kan. Àwọn obìnrin tó ń ta aṣọ, ọṣẹ àti mílíìkì ní ọjà Madina àti Kotobabi ló dáwó jù nínú owó tí wọ́n fi rà á. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, ọ̀kan nínú wọn rọbí lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọ̀nà ti di ẹrẹ̀ tí kò sí takisí tó fẹ́ débẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wí pé kí ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, kó máa gbé aboyún àti aláìsàn. Wọ́n rà á. Olóyè ní kí ọkọ̀ náà máa sùn nílé òun kí olè má baà jí i. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ síbi iṣẹ́ kí ó má baà dá wà nílé.

Àdúgbò Mamobi ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Olóyè ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ náà, nínú agbádá funfun gbòò, nígbà tí táyà iwájú rọ̀. Ó yà sọ́dọ̀ Sàká fọkanáísà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kéwú. Tròtrò kan, bọ́ọ̀sì akérò ti Accra, ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Olóyè jókòó sínú ọkọ̀, ó ń retí kí Sàká sáré wá dọ̀bálẹ̀. Sàká kò sáré.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá," ni Sàká wí láì gbójú sókè. "Ẹ ní sùúrù, tròtrò yìí ló kọ́kọ́ dé."

"Ṣé o mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yìí?"

Sàká na ọrùn wo inú ọkọ̀ dáadáa. "Ẹ̀yin nìkan ni mo rí."

Nígbà tó kan Olóyè, ọwọ́ Sàká méjèèjì ti dí, ó ń fi ọ̀kan yí nọ́ọ̀tì, ó ń fi ìkejì ti ẹ̀rọ tí kò fẹ́ dúró. Ló bá yọ ọwọ́ kan, ó na rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i. "Ẹ bá mi dì í mú síbẹ̀ yẹn, Bàbá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Kí Ààrẹ tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, agbádá ń gbá erùpẹ̀, ó di rọ́bà mú, afẹ́fẹ́ ń súfèé sí i lójú. Àwọn ọmọ kéwú ń wò ó. Sàká gééjì táyà náà tán, ó nu ọwọ́.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ mọ̀ ọ́n dì mú."

Ìyìn yẹn gan-an ló dùn ún jù.

Ó délé, kò jẹun. Morónfólú ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó sì ti ń fi sùúrù bá a gbé láti ìgbà tí oyè rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kan, bi í léèrè ohun tó ṣe é.

"Morónfólú, ṣé ó tọ̀nà kí afẹ́fẹ́ inú táyà ààrẹ jẹ́ afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé ń lò?"

Morónfólú rò ó wò. "Òmíràn tún wà ni?"

Ó wà, lójú Olóyè. Ó ti rí i lórí fóònù: àwọn òyìnbó tó ń wa jíìpù nínú aṣálẹ̀, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àti àgbá rẹ̀ sínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá dórí iyanrìn, wọ́n á tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ kí táyà lè fẹ̀, kó má rì. Bí wọ́n bá jáde sí títì, wọ́n á fi ẹ̀rọ ara wọn dá afẹ́fẹ́ padà. Wọn kì í tò sẹ́yìn tròtrò. Kò sí ẹni tó ń na rọ́bà sí wọn.

"Aṣálẹ̀ wo ló wà ní Madina?" ni Morónfólú bi í.

"Ìran ni o kò ní," ni Olóyè dá a lóhùn, ó sì tún fídíò náà wò.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń háyà ní Kotobabi, ó dìde, ó tún fìlà ṣe, ó dákẹ́ títí gbogbo èèyàn fi rò pé ó ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

"Ẹ̀yin ọmọ Oòduà nílẹ̀ àjèjì!" ni ó ké. "Ẹgbẹ́ tí kò lè fún táyà ara rẹ̀ ní afẹ́fẹ́, ọjọ́ ọ̀la wo ló fẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀? Títí di ìgbà wo la ó máa tọrọ èémí lẹ́bàá títì? Mo rí i! Mo rí ọkọ̀ kan tó ń mí fúnra rẹ̀! Èmi ni mo sì wà nídìí sítíárì!"

Àdìó ti fò dìde kí ọ̀rọ̀ tó parí. Àdìó ni alukoro ẹgbẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta fóònù, tó ní ìyàwó aboyún nílé, tó sì ń wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ fún ìsọ̀ ní ọjà Madina. Olóyè mọ ẹni tó ń pín ìsọ̀. Nítorí náà, Àdìó máa ń pàtẹ́wọ́ kí ó tó gbọ́ ohun tó ń pàtẹ́wọ́ sí, ó sì ti pàtẹ́wọ́ rí nígbà tí Olóyè ń kéde ikú ẹnì kan.

"Ààrẹ wa! Ẹ̀yin ni afẹ́fẹ́ tí a ń mí!" ni Àdìó ké. "Kí ẹ tó dé, a kàn wà láàyè ni, a ò mí!"

Sẹ̀kínátù, aṣáájú àwọn obìnrin, tó ń ta ọṣẹ dúdú àti àǹkárá, ò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, apá ibo nínú ọkọ̀ lẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ yìí sí?"

"Ẹ̀yìn. A ó yọ àwọn àga ẹ̀yìn kúrò."

"Ibẹ̀ kọ́ ni aláìsàn ń jókòó?"

"Aláìsàn yóò wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Iyì ni fún un."

"Ẹni tó ń rọbí ńkọ́?"

Olóyè fi ojú àánú wò ó. "Ìyẹn náà yóò kọ́ láti fara balẹ̀."

Wọ́n dìbò. Olóyè fúnra rẹ̀ ló ka ọwọ́, ó sì di ojú kà á, ó ní àdúrà ni òun ń gbà lọ́wọ́. Àbá rẹ̀ ló wọlé.

Iṣẹ́ náà di ti Kwabena, mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní fítà níbẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kotobabi. Kwabena mọ iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ ju iṣẹ́ lọ ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" fún ẹni tó máa sanwó.

"Nana, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń so irú ẹ̀rọ yìí mọ́," ni Kwabena wí, ó ń pè é bí wọ́n ṣe ń pe olóyè ní Ghana, "kí atẹ́gùn lè máa kàn án."

"Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì? Ta ni yóò rí i níbẹ̀?"

"Kò sí ẹni tó máa rí i, Nana. Ẹ̀yìn ló dára."

Wọ́n kan àpótí pákó kan fún ẹ̀rọ àti àgbá afẹ́fẹ́, wọ́n fi àrán aláwọ̀ àlùkò bò ó nínú àti lóde, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pa pinpin kí eruku má ráyè wọ̀. Kwabena béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá kò ní gbóná. Olóyè ní ohun ààrẹ kì í gbóná. Kwabena ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó mú wáyà jáde, wáyà dúdú tó nípọn bí ìka ọwọ́, Olóyè fa imú sókè. Àwọ̀ wúrà ló fẹ́. Wáyà aláwọ̀ wúrà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kò nípọn ju èyí tí wọ́n fi ń tan iná Kérésì lọ. Kwabena lò ó. Òun náà ló fi àbá tirẹ̀ kún un: bí afẹ́fẹ́ ti wà nílẹ̀ yìí, kí ló dé tí wọn ò fi fà á wọnú fèrè ńlá kan, irú ti ọkọ̀ ojú irin?

Olóyè di Kwabena mọ́ra.

"Nana," ni Kwabena wí nígbà tó gba owó tán, "kò sí irú ọkọ̀ yìí mọ́ ní Ghana." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Wọ́n ṣí i lójú agbo. Pásítọ̀ gbàdúrà sí àgbá náà, lẹ́mọ́ọ̀mù gbàdúrà sí rọ́bà rẹ̀. Olóyè gé ríbọ́ọ̀nù, ó fún táyà kan tó ti kún tẹ́lẹ̀ ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, Àdìó sì sunkún. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ jáde pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà mọ́. Ọjọ́ Sátidé ni Ọjọ́ Afẹ́fẹ́, kí kálukú wá gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Ààrẹ. Wọ́n ń wá. Olóyè á jókòó ní fàráńdà, wọ́n á kúnlẹ̀, á na rọ́bà sí wọn. Ó fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, ó fẹ́ bọ́ọ̀lù, ó fẹ́ bàlúùnù ọlọ́jọ́ ìbí. Ẹni tí táyà rẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ Ajé ń dúró de Sátidé, tàbí kó yọ́ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà ní bòókẹ́lẹ́.

Ti fèrè ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará Madina. Ó ń fun ún bó bá jáde nílé, ó ń fun ún bó bá wọlé. Ó fun ún lẹ́nu ọ̀nà Morónfólú ní báńkì, ẹnì kan sì da tíì sórí kọ̀ǹpútà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ọjọ́ ìgbafẹ́ ẹgbẹ́ ní etí òkun Prampram. Bọ́ọ̀sì já àwọn èèyàn sílẹ̀ ní òwúrọ̀, ó padà sí Madina, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó wá kó wọn. Jíìpù Olóyè nìkan ló kù. Ó sì ti kéde pé wọ́n máa rí nǹkan lọ́jọ́ náà.

Wọ́n rí i lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà kọ̀ọ̀kan, ó tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀ bí ẹ̀kọ. Ó wọkọ̀, ó wà á sórí iyanrìn. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ó ṣiṣẹ́. Jíìpù náà ń fò lórí iyanrìn bí ẹni ń sáré lórí ẹní, kò rì. Àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n ju ọwọ́ sí i. Olóyè fun fèrè fún wọn. Ó yí padà, ó fun fèrè fún àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. Ó fun ún fún òkun pàápàá. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò rò ó pé gbogbo ìró tó ń jáde lẹ́nu fèrè yẹn, láti inú àgbá ló ti ń jáde.

Abẹ́ igi àgbọn ni Fàdílátù jókòó sí. Fàdílátù ni ìyàwó Àdìó, oyún rẹ̀ ò sì tíì pé. Ó di Sẹ̀kínátù lápá mú lójijì.

"Ìyá, omi ń dà lẹ́sẹ̀ mi."

Sẹ̀kínátù wò ó lójú, ó dìde. "Àdìó! Sáré lọ pe ọkọ̀!"

Àdìó sáré wọnú iyanrìn, bàtà já lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Olóyè! Ìyàwó mi ń rọbí!"

Inú Olóyè dùn. Ẹ má rò pé ìkà ni. Ó ronú pé ọjọ́ tí wọ́n ti ń dúró dè ni ó dé yìí, ọjọ́ tí gbogbo wọn yóò mọ ìwúlò ohun tó ṣe. Ó wa ọkọ̀ dé abẹ́ igi, ó gun orí ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fòyà! Nítorí irú wákàtí báyìí ni ìran náà fi..."

"Olóyè, ẹ fẹ́ táyà!" ni Sẹ̀kínátù pariwo.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó so rọ́bà mọ́ táyà tó wà lápá ibi tí ààrẹ ń jókòó, torí ibẹ̀ ni ètò sọ pé kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò jáde. Abẹ́rẹ́ gééjì àgbá náà ti sùn sórí òdo. Ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kùn, ó ń gbọ̀n nínú àrán rẹ̀, táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra díẹ̀díẹ̀, Àdìó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́! Ààrẹ, ó ń ṣiṣẹ́!" Lẹ́yìn náà ni òórùn jáde, òórùn aṣọ tí wọ́n gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí rẹ̀. Wáyà aláwọ̀ wúrà yọ́ bí àbẹ́là. Èéfín rú láti inú àpótí, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́.

Olóyè gbá àpótí náà. Ó tún un gbá. Ọwọ́ jó o.

"Ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀," ni Àdìó wí.

Wọ́n gbé Fàdílátù síwájú. Àyè kò sí fún ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn sì kún fún àpótí. Olóyè wakọ̀ lọ sí ojú ọ̀nà. Táyà tó rọ̀ lè rin iyanrìn, ṣùgbọ́n ibi tí iyanrìn pin sí, òkúta ló wà níbẹ̀. Táyà kan bọ́ kúrò lórí irin rẹ̀, jíìpù sì fi ẹ̀gbẹ́ kan kúnlẹ̀.

Ọwọ́ Fàdílátù wà lára ilẹ̀kùn, ó dì í mú tí eegun ọwọ́ rẹ̀ fi funfun. Olóyè rí ọwọ́ náà. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi, irú èyí tí kò bà á rí láti ọjọ́ tó ti jẹ oyè. Ó fẹ́ sọ fún un pé kó jọ̀ọ́, kó má bínú. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ̀yin èèyàn mi..."

"Ẹ jọ̀ọ́, Olóyè," ni Fàdílátù wí láàárín eyín, "ẹ dákẹ́."

Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó dákẹ́.

Sẹ̀kínátù ti wà ní ojú ọ̀nà, ó bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó ń jù ú. Pragya kan tó wá gbé ẹja dúró, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíńtín. Awakọ̀ náà wo Fàdílátù, ó ké pe Olúwa, "Ao, Awurade!", ó sì da ọpọ́n ẹja sílẹ̀ láì dúró de ẹnikẹ́ni. Sẹ̀kínátù wọlé, ó gbé orí Fàdílátù lé itan. Àdìó rọ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn. Wọ́n lọ.

Olóyè nìkan ló kù nínú ọkọ̀. Ó gbìyànjú láti dá a padà sẹ́yìn, ọkọ̀ sì yọ̀ lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi iyanrìn tútù. Òkun ń bọ̀. Omi kan táyà, omi kan ilẹ̀kùn. Àwọn apẹja fi àwọ̀n wọn sílẹ̀, wọ́n mú okùn wá. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀ ẹ́ pé kí Daddy sọ̀ kalẹ̀, torí ó wúwo. Olóyè ní ààrẹ kì í fi ẹsẹ̀ wọ omi ní gbangba. Àwọn apẹja wo ara wọn, wọ́n so okùn mọ́ jíìpù, wọ́n sì fà á bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n, pẹ̀lú orin, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan, Ààrẹ jókòó sí inú rẹ̀ gbọọrọ, ó kọjú síwájú. Nígbà tó dé orí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn ọmọdé Prampram pàtẹ́wọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ juwọ́ sí wọn.

Fàdílátù bí obìnrin ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ náà kéré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dé títì. Àsmá'ù ni wọ́n sọ ọ́.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, gbọ̀ngàn Kotobabi kún. Olóyè ti kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sílẹ̀, ìwé ńlá. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé pé afẹ́fẹ́ òkun ló bá afẹ́fẹ́ ẹgbẹ́ jà lọ́jọ́ náà, àti pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn alágbára ayé.

Àdìó dìde. Gbogbo èèyàn ń retí kó pàtẹ́wọ́.

"Olóyè, èmi ni mo sọ pé ẹ̀yin ni afẹ́fẹ́ tí a ń mí," ni Àdìó wí. "Irọ́ ni mo pa. Mo ń mí dáadáa kí ẹ tó dé. Ìsọ̀ ni mo ń wá." Omi lé ròrò sí i lójú. "Ọmọ mi ì bá kú nítorí ìsọ̀."

Ó jókòó. Sẹ̀kínátù dìde.

"A ò bá yín jà, Olóyè," ni Sẹ̀kínátù wí. "Kọ́kọ́rọ́ la fẹ́ gbà. Àti oyè."

"Èwo nínú wọn?" ni Olóyè béèrè.

"Gbogbo rẹ̀ pátá."

Wọ́n na ọwọ́ sókè. Sẹ̀kínátù kà á pẹ̀lú ojú méjèèjì. Morónfólú wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Òun náà na ọwọ́, ṣùgbọ́n kò na tirẹ̀ sókè jù, ìyàwó Olóyè ṣá ni. Olóyè gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì.

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ka ìyókù ọ̀rọ̀ òun. Wọ́n ní kò burú. Bó ṣe ń kà á, ẹnì kan jáde lọ ṣí ẹ̀yìn jíìpù, ẹlòmíràn jáde lọ bá a gbé àpótí pákó náà kúrò, àwọn obìnrin jáde lọ wo bóyá àga ẹ̀yìn tí wọ́n fẹ́ dá padà yóò gba èèyàn tó dùbúlẹ̀. Ẹ̀rín wọn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé Olóyè nìkan ló wà nínú gbọ̀ngàn, pẹ̀lú àwọn àga rọ́bà àti ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, tó ń kó àga náà lé ara wọn.

"...nítorí ìtàn," ni Olóyè ń kà, ohùn rẹ̀ sókè, "ìtàn yóò wí pé ọkùnrin kan wà..."

"Daddy, mepaakyɛw," ni ọkùnrin náà fi Twi bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. "Àga yín ló kù."

Olóyè dìde. Ọkùnrin náà gbé àga, ó dúpẹ́, ó sì pa fáànù.